Òòyì Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀: Nígbà Tó Bá Jẹ́ Ọpọlọ Ló Ń Lu Agogo Ìdágìrì

Láti Treichville dé Plateau nílùú Abidjan kò jìnnà. Afárá Houphouët-Boigny, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957, ló gba orí ọ̀sà Ébrié kọjá láàárín àdúgbò méjèèjì. Bí kò bá sí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀, bọ́ọ̀sì kì í pẹ́ sọdá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Côte d'Ivoire, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran, ló ń gba orí afárá yẹn lọ sí ọjà láìtiẹ̀ ronú nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àmọ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú òòyì mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ó lé díẹ̀ ní ẹni 40 ọdún. Treichville ló ń gbé, Adjamé ló ti ń ta àǹkárá, èyí tí wọ́n ń pè ní pagne lọ́hùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Àjà ń yí, fèrèsé ń yí, ó sì bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè dá dúró. Nígbà tó yá, yíyí náà dáwọ́ dúró, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà sọ́jà.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Àmọ́ oṣù mẹ́jọ ti kọjá, ìyá aláṣọ kò tíì gbádùn. Ilé kò yí mọ́ o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣe é bíi pé orí tìmùtìmù ló ń rìn, tàbí bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò lórí ọ̀sà. Tó bá dùbúlẹ̀, ara á tù ú. Tó bá dìde dúró, ó tún dé. Láàárín ọjà, níbi tí aṣọ aláràbarà ti kún òkè kún ilẹ̀, tí èrò ń lọ tí èrò ń bọ̀, ó máa ń wá ògiri dì mú. Orí afárá ló wá burú jù. Omi ń dán nísàlẹ̀, ọkọ̀ ń sáré kọjá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àyà rẹ̀ á sì máa lù kìkì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ sọ́jà, ó ń dì í lápá mú. Nígbà tó ṣe, ọmọ nìkan ló ń lọ.

Wọ́n ti yẹ ibà wò, ìyẹn palu, bí gbogbo Abidjan ṣe ń pè é. Wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ti ya àwòrán orí rẹ̀, owó gọbọi ló sì ná wọn. Èsì kan náà ni: “Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín, Madame.” Ó yẹ kí inú ẹni dùn sí irú èsì bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun gan-an ló dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, kí ló dé tí ilẹ̀ ń mì? Ẹnì kan nínú ẹbí ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹlòmíì ní àṣejù ni, pé ọjà ló sú u.

Nǹkan ń ṣe é. Ó tiẹ̀ ní orúkọ.

Ohun tó ń mú wa dúró

Ohun mẹ́ta ló ń sọ fún ọpọlọ bóyá à ń dúró tàbí à ń ṣubú. Ojú ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni àtẹ́lẹsẹ̀, oríkèé àti iṣan ara, tó ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ìkẹta wà nínú lọ́hùn-ún etí, níbi tí ojú kò lè tó: àwọn ihò tó tẹ̀ kọrọdọ, mẹ́ta ní etí kọ̀ọ̀kan, tí omi wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi yẹn á mì, ọpọlọ á sì mọ ibi tí orí kọjú sí. Ọpọlọ máa ń fi ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra láìsinmi, láìsí pé a mọ̀.

Ẹni tó bá ti wo àwọn ọmọdé tó ń yí po nínú àgbàlá ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìròyìn náà kò bá dọ́gba. Ọmọ á yí, á yí, á dúró lójijì. Omi inú etí rẹ̀ kò tíì dúró ní tirẹ̀. Etí ń sọ pé à ń yí lọ, ojú àti ẹsẹ̀ ń sọ pé a ti dúró. Ọmọ á ta gọ́ọ́-gọ̀ọ̀, á ṣubú, á bú sẹ́rìn-ín, á sì dìde láti tún yí.

Ẹ wò ó dáadáa. Òòyì tó kọ́ ọmọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó mú ìyá aláṣọ pariwo lórí ibùsùn. Àmọ́ ọmọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ó sì mọ̀ pé yóò lọ. Ọpọlọ rẹ̀ kò lu agogo kankan.

Agogo ìdágìrì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti etí dé ọpọlọ ní okùn tó so wọ́n mọ́ ibi tí ìbẹ̀rù ti ń jáde. Ìdí wà fún un. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ọ̀pẹ kò ní àyè láti máa rò ó wò. Ẹ̀rù gbọ́dọ̀ dé kí ìrònú tó dé, kí ọwọ́ lè tètè gbá igbá mú. Torí náà, bí òòyì ńlá bá kọlu ènìyàn, ọpọlọ á lu agogo, gbogbo ara á sì yí ìrìn rẹ̀ padà.

Gbogbo wa la mọ ìrìn yẹn. Ìrìn tí à ń rìn lóṣù kẹfà ni, nígbà tí òjò Abidjan ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Òun náà ni à ń rìn lórí pákó tí wọ́n gbé dábùú gọ́tà. Orúnkún á le, ẹsẹ̀ á máa gbé kékeré, ojú kò ní kúrò nílẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí pákó, ọgbọ́n ni. Bí a bá sì ti dé òdìkejì, agogo á dákẹ́, a ó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Lára àwọn kan, agogo náà kì í dákẹ́. Àìsàn etí ti lọ, pákó ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀, àmọ́ ara ṣì ń rìn bíi pé ó wà lórí pákó, ó ń rìn bẹ́ẹ̀ lórí táìlì inú yàrá. Ìrìn yẹn fúnra rẹ̀ ló wá ń bí òòyì. Kò sẹ́ni tó ń dúró gbagidi bí òpó. Gbogbo wa là ń mì díẹ̀díẹ̀ níbi tí a dúró sí, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tí agogo rẹ̀ ń dún ń ṣọ́ ara rẹ̀, ó sì ń mọ gbogbo mímì yẹn lára. Iṣan rẹ̀ tó ti le gan-gan tún ń dá kún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ mọ́, ojú ló gbára lé. Bí ohun tí ojú ń rí bá wá ń lọ síwá sẹ́yìn, bíi ti ọjà, bíi ti orí afárá, ó tán. Ìdí rèé tí aṣọ aláràbarà fi lè kọ́ aláṣọ lóòyì.

Bí ó ṣe gba orúkọ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1870 sí 1872, àwọn dókítà bíi Moritz Benedikt ní Vienna àti Carl Westphal ní Berlin kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí òòyì àti ìbẹ̀rù máa ń bò mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gba gbàgede ńlá kọjá. Lẹ́yìn náà làwọn oníṣègùn pín iṣẹ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́: àwọn kan mú etí, àwọn kan mú ọpọlọ, àwọn kan mú ìdààmú ọkàn. Aláìsàn tí tirẹ̀ wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń rìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn.

Ní 1986, Thomas Brandt àti Marianne Dieterich ní Jámánì tún ṣàlàyé rẹ̀ kínníkínní. Nígbà tó di 2017, ẹgbẹ́ Bárány Society, tí í ṣe ti àwọn onímọ̀ nípa òòyì káàkiri ayé, fohùn ṣọ̀kan lórí àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, wọ́n sì pè é ní PPPD. (Robert Bárány tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀bùn Nobel ti 1914 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí etí. Àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà ló wà nígbà tí ìròyìn náà kàn án.) Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà ti kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àrùn rẹ̀ tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú àwọn tó ń ṣe.

Bí a ṣe lè fura sí i

Ọjọ́ orí òòyì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. PPPD kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ó gbọ́dọ̀ ti lé ní oṣù mẹ́ta, kó sì máa wà lára ẹni lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó lè le láàárọ̀ kó rọlẹ̀ lọ́sàn-án, tàbí kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le sí i. Kì í sábà yí ilé po. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń ṣe, á ní òun ń mì, òun ń fì, orí òun fúyẹ́, tàbí pé ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ òun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó ń ru ú sókè. Ohun mẹ́ta ni: ìdúró tàbí ìrìn, mímì ara (ì báà jẹ́ pé òun ló ń rìn tàbí ọkọ̀ ló ń gbé e), àti ohun tí ojú ń rí tó ń sáré tàbí tó kún fún àwòrán, bí ọjà, bí èrò, bí fóònù tí à ń fi ìka yí lọ sókè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń wà níbẹ̀.

Ohun kan sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn etí bíi ti ìyá aláṣọ, ó lè jẹ́ pé ènìyàn dákú tàbí fi orí gbá nǹkan, ó sì lè jẹ́ ìpayà tó gbé ẹni lójijì, tí ènìyàn ń mí gúlegúle, tí ètè àti ìka ń ṣe é jìnnìjìnnì. Bí ènìyàn bá ń mí ní àmíjù, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ máa ń dínkù díẹ̀, òòyì á sì dé. Ìbẹ̀rù bí òòyì, òòyì tún bí ìbẹ̀rù.

Àmì mìíràn wà tí àwọn ará ilé máa ń rí ṣáájú dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, tí ìyá náà gbàgbé ara rẹ̀, bóyá àbúrò rẹ̀ kan dé láti Èjìgbò tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, á dìde lọ gbé omi fún àlejò láìdi ògiri mú. Àfi ìgbà tó bá rántí. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń sọ pé, “Ẹ ò rí i, ó ń díbọ́n ni!” Kò díbọ́n. Nígbà tí kò ṣọ́ ara rẹ̀, agogo sinmi díẹ̀ ni.

Àwọn tí kì í ṣe òun

Ó yẹ kí dókítà yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ PPPD. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ènìyàn bá yí ara padà lórí ibùsùn nìkan ni ilé máa ń yí po, tí kì í tó ìṣẹ́jú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn òkúta wínníwínní inú etí ló kúrò ní àyè wọn. Dókítà tó mọṣẹ́ lè fi ọwọ́ yí orí ẹni lọ́nà kan tí wọ́n á fi padà. Bí yíyí náà bá ń gba wákàtí, tí etí kan ń hó, tí kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, tìyẹn tún yàtọ̀. Bí ojú bá ń ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan téèyàn bá dìde, ẹ béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìmu omi tó. Ẹ sì má fi oògùn tí ẹni náà ti lò pa mọ́ fún dókítà. Quinine máa ń mú kí etí hó kí òòyì sì kọ́ni, abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin sì lè ba ibi tó ń mú ara dúró nínú etí jẹ́ pátápátá.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la ni òòyì tó dé lójijì pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, ohun kan tó ń di méjì lójú, apá tàbí ẹsẹ̀ tó kú, ẹ̀fọ́rí tí irú rẹ̀ kò ṣe é rí, tàbí àìlè rìn rárá. Ìyẹn lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, 185 ni nọ́ńbà SAMU. Ẹ pè é lójú ẹsẹ̀.

PPPD àti àìsàn etí sì lè wà lára ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà rírí ọ̀kan kò ní ká má wá èkejì. Ẹ̀ka ORL, ìyẹn ti etí, imú àti ọ̀fun, ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì bíi CHU Treichville ló yẹ kí ẹni tó wà ní Abidjan ti bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní UCH Ìbàdàn.

“Ṣé wọ́n ní mo ya wèrè ni?”

Ibí ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dàrú láàárín ẹbí. Bí dókítà bá sọ pé láti inú ọpọlọ ni, etí Yorùbá á gbọ́ wèrè. Aláìsàn á bínú, àwọn ọmọ á tijú, wọn kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Ẹlòmíì á gba ilé aláàdúrà tàbí ọ̀dọ̀ ààfáà lọ. Àdúrà kò burú, ó ń fi ọkàn balẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ pa ìtọ́jú tì.

Ọpọlọ tí à ń sọ yìí kò bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwòrán orí kò fi rí nǹkan kan. Ẹ ronú nípa rédíò tí gbogbo wáyà inú rẹ̀ pé, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ ga jù. Ẹni tó bá tú u wò kò ní rí wáyà tó já. Síbẹ̀, ariwo rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Àwọn tó ń tọ́jú òòyì sọ pé àlàyé yìí gan-an ni ìdajì oògùn. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun kò ní kú sórí afárá, agogo rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánrawò tí wọ́n fi ń kọ́ ọpọlọ ní ẹ̀kọ́ tuntun, èyí tó lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Dókítà lè fi oògùn kún un, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá náà ń ṣèrànwọ́, pàápàá tó bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń pa wọ́n lára ni oògùn òòyì tí wọ́n ń rà lórí ilẹ̀, “pharmacie par terre” tí Adjamé ti di olókìkí fún. Yàtọ̀ sí pé ayédèrú pọ̀ níbẹ̀, oògùn tó ń pa òòyì kú wà fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ènìyàn bá ń lò ó fún oṣù púpọ̀, ṣe ni kò ní jẹ́ kí ọpọlọ kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́. Ohun kejì lè ya ọ̀pọ̀ ẹbí lẹ́nu: ìfẹ́ wọn ni. Ọmọ tó ń di ìyá rẹ̀ lápá mú nígbà gbogbo, ohun rere ló ní lọ́kàn. Àmọ́ lójoojúmọ́ ni ọwọ́ yẹn ń sọ fún ọpọlọ ìyá pé, “Òótọ́ ni, ewu wà.” Jíjókòó sílé náà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìyá aláṣọ padà, díẹ̀díẹ̀ ni. Nínú ilé, lẹ́yìn àga, á dúró, á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Òòyì á dé. Ó yẹ kó dé díẹ̀, kí ọpọlọ lè rí i pé ó wá, ó lọ, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè ta aṣọ pagne tó ní àwòrán rẹpẹtẹ sára ògiri, kó máa rìn kọjá níwájú rẹ̀, kó má ṣe di nǹkan mú, kí orúnkún rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjà ní òwúrọ̀ kùtù kí èrò tó dé. Ọjọ́ tí kò bá dára máa wà, pàápàá tí kò bá sùn dáadáa. Wọn kò ní tìtorí ìyẹn padà sẹ́yìn.

Afárá ló máa gbẹ̀yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì.

“Màmá, ṣé kí n di yín lọ́wọ́ mú?”

“Rárá, ọmọ mi. Sọ̀rọ̀ fún mi ni. Èló lo ta àánú aṣọ àná?”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ lọ jókòó sẹ́yìn.